Ihá Àgbọn Nínú Kòtò Ìbítóyè

Ohun tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Fẹ́yìsetán rí he ní ìsàlẹ̀ kòtò náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó ti jóná lápá kan, apá kejì pupa rúsúrúsú, ó sì rí wúruwùru bí irun orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Obìnrin náà gbé e sí imú. Ó tún gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni ó na ọwọ́ sókè sí Sájẹ́ǹtì Husain, tí ó dúró létí kòtò tí ó di okùn mú.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ bá mi gbọ́ òórùn nǹkan yìí."

Husain gbọ́ ọ, ó yínmú. "Ẹ̀tù ìbọn ni. Ṣùgbọ́n, Màdáámù, ọ̀rọ̀ fàdákà ni a bá wá. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé wọ́n yìnbọn pa ènìyàn."

"Wọn ò pa ènìyàn. Ògiri kòtò ni wọ́n yìn ín fún."

Ìbítóyè ni ó gbẹ́ kòtò náà, nínú igbó lẹ́yìn Ìlárá, níbi tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé bọ́dà kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń wá fàdákà nínú ilẹ̀ àdúgbò náà. Bàbá Fàdákà ni àwọn ọmọdé ń pè é, àwọn àgbà sì ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó di oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí ó kàwé nípa òkúta, Azeezat, bá a gbé òkúta rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Òjé ni wọ́n bá nínú rẹ̀, fàdákà díẹ̀ sì wà nínú òjé náà. Ni ilé-iṣẹ́ kan bá rán àwọn ènìyàn tirẹ̀ wá láti fọwọ́ ara wọn bu erùpẹ̀ kòtò.

Ohun tí àwọn yẹn rí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Fàdákà funfun báláú ni wọ́n bá lára ògiri, bàbà sì pò mọ́ ọn. Alágbẹ̀dẹ ni ó máa ń po bàbà mọ́ fàdákà kí ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí òrùka lè le. Bí ilẹ̀ ṣe ń fún ni ní fàdákà kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní Ìbítóyè ti ha ohun ọ̀ṣọ́ ẹnì kan sára ògiri láti fi tan àwọn jẹ, wọ́n sì mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bàbá Sàláúdéènì, olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀, ti dá ọjọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹbí yóò jókòó. Bí Ìbítóyè kò bá rí ọ̀nà wẹ ara rẹ̀ mọ́, wọn yóò dí kòtò náà pa, ọlọ́pàá yóò sì mú un lọ.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí à ń wí yìí.

Fẹ́yìsetán yọ awò kékeré tí ó fi máa ń tún aago ṣe, ó gbé e lé ojú, ó sì kọjú sí ògiri. Kò kánjú. Bàbá rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Ìlaró nígbà ayé rẹ̀, ohun tí ó sì kọ́ ọ ni pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kí a má lù ú. Kí a jókòó tì í, kí a wo irin wo ni ó ń ti irin wo.

"Ẹ wò ó," ni ó pè sókè. "Gbogbo fàdákà yìí ká rókórókó bí èékánná tí a gé. Fáìlì, irin eléyín tí a fi ń pọ́n ọkọ́, ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Àti pé gbogbo rẹ̀ ni ó kọrí sí ìsàlẹ̀, tí ó wọ inú erùpẹ̀ tó ìdajì ìka. Ibi tí ó bà ṣe róbótó bí àtẹ. Ó kún láàrin, ó fọ́nká létí. Ọwọ́ ènìyàn kì í fọ́n nǹkan báyìí. Wọ́n ki ẹ̀rún rẹ̀ sínú ìbọn bí ọta ni, wọ́n sì yìn ín láti òkè."

"Ìbítóyè náà lè yìnbọn."

"Ó lè yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ihò ìtẹ̀sẹ̀ yìí."

Ìbítóyè ga bí ọ̀pẹ. Àwọn ihò tí ó gbẹ́ sí ògiri láti fi máa sọ̀kalẹ̀ jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí Fẹ́yìsetán, tí kò ga, fi ní kí Husain fi okùn sọ òun kalẹ̀.

"Ẹni tí ó ń tọ ihò yìí sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, bí ó bá fẹ́ fi fàdákà kun ògiri, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi kùn ún. Kò ní ariwo, kò ní èéfín. Ẹni tí kò lè sọ̀kalẹ̀ ni ó nílò ìbọn."

"Tàbí ẹni tí ó fẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀," ni Husain wí. Ó ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá kí Fẹ́yìsetán tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìràwọ̀ èjìká obìnrin náà kì í gún un lójú. Síbẹ̀, ó fà á sókè jẹ́jẹ́.

*

Orí àpótí ni wọ́n bá Ìbítóyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Mẹ̀dínátù, wà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ojú wọn ti tó o, ó ń fọ ìkòkò. Ìfófó ọṣẹ dé ìgunpá rẹ̀, ó sì ń fi nǹkan pupa rúsúrúsú kan ha ìdí ìkòkò náà bí ẹni pé ìkòkò ni ó ṣẹ̀ ẹ́.

"Bàbá," ni Fẹ́yìsetán wí, "ta ni ó ń bá yín ṣọ̀tá?"

"Kò sí. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń fi rẹ́rìn-ín kì í ní ọ̀tá."

"Nígbà tí Azeezat mú èsì àyẹ̀wò dé ńkọ́?"

Ìbítóyè ronú. "Ẹ̀rín dáwọ́ dúró," ni ó wí.

"Nígbà wo ni ẹ wo inú kòtò kẹ́yìn kí àwọn ará ilé-iṣẹ́ tó dé?"

"Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ní Àbámẹ́ta, èmi àti Azeezat lọ pàdé wọn ní Ayétòrò. Ọjọ́ Ajé ni a bá wọn dé, a ò tilẹ̀ ya ilé. Ọ̀dọ̀ kòtò ni a lọ tààrà."

"Ọjọ́ méjì nìyẹn tí kòtò fi wà láìsí olùṣọ́. Ṣé fàdákà kankan wà nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀gbà ọwọ́ méjì tí mo fi fẹ́ Ìyá Toyibat. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kì í bọ́ wọn." Ó fi ẹnu tọ́ka ẹ̀yìnkùlé láì gbé ojú kúrò lórí òkúta kékeré tí ó ń yí láàrin ìka rẹ̀.

"Ìyàwó wo ni ẹ̀ ń béèrè?" ni Mẹ̀dínátù ké láti ẹ̀yìn ìkòkò. "Ìyáálé mi wà nínú igbó, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí ọkọ. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó kékeré, ìkòkò ni mò ń fọ̀ ní tèmi."

Husain rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Fẹ́yìsetán náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mẹ̀dínátù nu ọwọ́ rẹ̀, ó da ìborùn bo èjìká, ó sì bu omi wá fún un. Fẹ́yìsetán wo ọwọ́ tí ó gbé ife náà, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà á.

Ìwé kan wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ìwé àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ìbítóyè sọ pé ìwé yẹn ni ó kọ́ òun ní iṣẹ́. Òyìnbó ni èdè inú rẹ̀. Nígbà tí ó rí i rà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta àlòkù, ìwé mẹ́fà péré ni ó kà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó fi ìwé atúmọ̀ èdè tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi parí rẹ̀ lọ́dún kejì. Ọkùnrin kan ni ìtàn náà dá lé, tí ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà láyé ijọ́un láti wá fàdákà. Ó ń sùn sábẹ́ àpáta, ó ń jẹ ẹ̀wà inú agolo, ó ń fi òòlù kan òkúta, ó sì ń fetí sí ohùn rẹ̀.

Fẹ́yìsetán ṣí i. Ojú ìwé kan wà tí wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀, tí ó ti dọ̀tí ju àwọn yòókù lọ. Ó kà á tán, ó gbé e fún Husain. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti sọ bí àwọn oníjìbìtì kan ní Amẹ́ríkà ṣe ń ki ẹ̀rún fàdákà sínú ìbọn, tí wọ́n ń yìn ín sí ògiri kòtò òfìfo kí oníbàárà lè rò pé ilẹ̀ ni ó bí i.

"Ọ̀rọ̀ bùṣe," ni Husain sọ sí i létí, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Ìwé rẹ̀ ni. Kòtò rẹ̀ ni."

"Àpótí irinṣẹ́ yẹn ńkọ́?" Fẹ́yìsetán ti tẹ̀ síwájú, ó ti ṣí àpótí kan tí ó wà lábẹ́ fèrèsé. Ó mú fáìlì kan jáde, ó gbọ̀n ọ́n sórí ìwé funfun. Nǹkan tíntìntín ń dán lórí ìwé náà.

"Azeezat ni ó ni àpótí náà," ni Ìbítóyè wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

*

"Tèmi ni, mà," ni Azeezat jẹ́wọ́, níwájú yàrá tí ó háyà. "Mo fi ń pọ́n ẹnu ọkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ni àpótí yẹn ń sùn láti oṣù mẹ́rin. Ẹni tí ó bá kọjá lè mú un."

"Ẹ̀rún fàdákà wà láàrin eyín rẹ̀," ni Husain wí.

Ọmọbìnrin náà jókòó lójijì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Bí mo bá fẹ́ ṣe màgòmágó, ṣé èmi náà ni n óò tún pe ilé-iṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò? Orúkọ mi ni ó wà lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Bí Bàbá bá ṣubú, èmi ni wọn yóò ṣubú lù. Àti pé èmi tí mo mọ fàdákà, ṣé fàdákà oníbàbà ni n óò lò?"

"Ó bọ́gbọ́n mu," ni Fẹ́yìsetán wí. "Màmá Toyibat ńkọ́? Ẹ̀yin ni ẹ ń bá ọkọ wọn wọ igbó láàárọ̀, tí ẹ ń bá a bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣé wọn kì í fi ojú burúkú wò yín?"

"Màmá? Ẹran tí wọ́n ń bù fún mi pọ̀ ju ti Bàbá lọ! Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí. Bí mo bá ti ní a ò ní lọ sí kòtò lónìí, Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọn á gbé ìkòkò ńlá kaná bí ẹni tí ọdún dé bá."

*

Ọdẹkúnlé nìkan ni ọdẹ tí ó ń dẹ igbó yẹn. Òun náà ni ó bá Ìbítóyè gbẹ́ kòtò fún ọdún méje kí ó tó fi ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n bá a níwájú ahéré rẹ̀, ó ń yan òkété.

"Bọ́ńjúù, ọlọ́pàá," ni ó kí wọn. Ó máa ń ta ẹran ìgbẹ́ ní òdìkejì bọ́dà. "Mo ti mọ̀ pé ẹ óò wá. Ìbọn ni ẹ̀ ń wá, ìbọn sì wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó sọ fún yín pé ìbọn ni à ń wá?" ni Husain yára bi í.

"Ìwọ náà ni. O ti sọ ọ́ fún alákàrà ní ìdí mọ́ṣáláṣí láàárọ̀."

Husain wo ilẹ̀. Fẹ́yìsetán fa àpótí kan jókòó. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Báwo ni ó ṣe rí lára yín nígbà tí wọ́n ní òkúta Ìbítóyè ní fàdákà nínú?"

Ọdẹkúnlé yí òkété sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ẹsẹ̀ bàtà méjì," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni ó kù ní ọjọ́ tí mo fi ọkọ́ sílẹ̀! Mo gbẹ́ mẹ́jọ níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ó dá nìkan gbẹ́ méjì, ó bá a. Mo jowú, mà. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá rí i tí ó ń bọ̀ lọ́nà, n óò yà sínú igbó kí n má baà rí ojú rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹ mú gbogbo ẹni tí ó ń jowú Ìbítóyè ní Ìlárá, ọkọ̀ yín ò ní gbà wá."

"Ẹ ki ìbọn yín kí n wò ó."

Ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ wá. Fẹ́yìsetán sún mọ́ ọn bí ọmọ ilé-ìwé. Ọdẹkúnlé da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, ó ṣù ihá ẹyìn kékeré kan, èyí tí ó ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá fún epo tán, ó fi dí ẹ̀tù náà mọ́ inú, ó sì fi ọ̀pá kì í wọlé. Kí ó tó kan ọta, Fẹ́yìsetán na ohun tí ó rí nínú kòtò sí i.

"Ṣé irú èyí nìyẹn?"

Ọdẹ náà fi ìka fà á ya, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí? Ihá àgbọn nìyí. Ta ni ó ní àgbọn ní Ìlárá? Àwọn ará Owódé ni wọ́n ń fi èyí ki ìbọn. Àgbọn ń já lé wọn lórí níbẹ̀ bí òjò. Àwa níbí, ẹyìn ni a ní."

"Ọdẹ ò lè pààrọ̀ rẹ̀?"

"Bí bàbá ẹni bá ṣe kọ́ni ni à ń kì í títí a ó fi kú. Ihá tí kò mọ́ni lọ́wọ́, a ò mọ bí ó ṣe yẹ kí ó le tó. Bí ó bá le jù, ìbọn á bẹ́ mọ́ni lójú. Kò sí ọdẹ tí ó ń fi ojú rẹ̀ ṣe ìdánwò."

Fẹ́yìsetán ní kí ó ki iyanrìn dípò ọta, kí ó yìn ín sí ògiri ahéré tí ó ti wó. Ó yìn ín ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó yìn ín ní mẹ́ta, ó yìn ín ní méjì. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń fi ewé ọ̀pẹ wọn bí ibi tí iyanrìn bà ṣe fẹ̀ tó. Ti ìṣísẹ̀ méjì ni ó bá ti kòtò mu régí.

"Ẹni náà dùbúlẹ̀ létí kòtò," ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń padà. "Ó na ẹnu ìbọn sínú. Kò ga, kò lè sọ̀kalẹ̀. Ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Ó lè mú fáìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í ní ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó sì kọ́ ìbọn ní ìhà Owódé."

"Kò sí ọdẹ ará Owódé kankan níbí, Màdáámù."

"Mi ò pe ọdẹ. Sájẹ́ǹtì, kí ni Màmá Toyibat fi ń fọ ìkòkò láàárọ̀?"

Husain dúró sí àárín ọ̀nà. "Nǹkan pupa rúsúrúsú kan," ni ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, kò bá a jiyàn.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, Fẹ́yìsetán nìkan lọ. Ìbítóyè wà lọ́dọ̀ Bàbá Sàláúdéènì, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ro ẹ̀bà.

"Màmá, ará ibo ni yín?"

"Owódé. Wọ́n ti sọ fún yín."

"Ta ni ó ń fún yín ní ihá àgbọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí ó bá ń bọ̀, àpò kan ni ó máa ń dì wá. Kò sí ohun tí ó ń fọ ìdí ìkòkò bíi rẹ̀." Ọwọ́ tí ó ń ro ẹ̀bà kò dúró.

"Bàbá yín ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ wọn?"

"Ọdẹ." Ọwọ́ náà dúró. "Kò bí ọkùnrin. Èmi ni ó kọ́."

"Ìbọn wọn dà?"

Mẹ̀dínátù gbé orógùn sílẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé ìbọn kan jáde tí a fi aṣọ wé. Fẹ́yìsetán gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Òórùn àdín tuntun ni.

"Ẹ ti nù ún."

"Bàbá mi ní ìbọn tí a yìn tí a ò nù, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́."

Fẹ́yìsetán gbé ìbọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú jẹ́jẹ́, ó yí i sókè. Ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì, níbi tí oòrùn kò ti bà fún ọgbọ̀n ọdún, ìlà fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan yí i ká, ó mọ́ ju ara yòókù lọ.

"Lọ́la, n óò sọ ohun tí mo mọ̀ níwájú ẹbí," ni ó wí. "Ó wù mí kí ẹ sọ tiyín ṣáájú."

"Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Èmi ni n óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kò ní ní ìdí nínú. Bí wọ́n ṣe yìn ín ni mo mọ̀. N kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀."

Mẹ̀dínátù tún mú orógùn. Ẹ̀bà náà ti dì.

*

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, abẹ́ igi ìyeyè tí ó wà níwájú ilé Bàbá Sàláúdéènì kún. Ọkọ́ mẹ́rin ti wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dí kòtò. Ìbítóyè jókòó láàrin, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ya wà lórí orúnkún rẹ̀. Fẹ́yìsetán dìde, ó sọ bí ògiri ṣe rí, ó sọ bí ihò ìtẹ̀sẹ̀ ṣe jìnnà síra, ó sì gbé ihá àgbọn náà fún àwọn àgbà kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Ọdẹkúnlé jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ó parí, Bàbá Sàláúdéènì mi orí.

"Ó yé wa. Ìbítóyè kọ́. Ta ni?"

Fẹ́yìsetán padà jókòó. Kò wo ibi kankan.

"Èmi ni," ni ohùn kan wí láàrin àwọn obìnrin.

Ìbítóyè yíjú. "Ìyá Toyibat, jókòó. Má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe eré."

"Èmi ni, Bàbá Toyibat." Mẹ̀dínátù ti dìde, ó ti ká ìborùn rẹ̀ jọ sí àyà. "Nígbà tí o ń fẹ́ mi, ìwé yẹn ni o máa ń túmọ̀ fún mi. O sọ fún mi bí ọkùnrin náà ṣe gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, bí ó ṣe ń sùn sábẹ́ àpáta. Mo bi ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? O ní ìwé kò sọ. Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èmi ni ìyàwó tí ìwé kò sọ."

Mẹ̀dínátù tọ́ka sí ìhà igbó.

"Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni o fẹ́ lé mi, n óò bá a jà. N óò mọ ibi tí ó fi dára jù mí lọ. Ihò ni! O ń jí sí i, o ń sùn sí i, o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú oorun. Nínú ìwé yẹn, nígbà tí àwọn oníbàárà mọ̀ pé wọ́n yìn fàdákà sí ògiri, wọ́n kó ẹrù wọn, kòtò sì di ti alángbá. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ náà á wá sílé. Ìwé yẹn kò sọ pé wọ́n máa ń pe ọlọ́pàá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì kíákíá.

"Fàdákà wo ni o yìn?" ni Ìbítóyè bi í.

Mẹ̀dínátù na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Mo bọ́ ẹ̀gbà mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo ní bí o bá béèrè, n óò dá wọn padà sọ́wọ́, n óò gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òfìfo gbé oúnjẹ fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo tún gbé e lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. O jẹun tán, o ní kí Ọlọ́run bù sí i. Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú fáìlì. Títí di òní, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nìyí. Ìnsípẹ́kítọ̀ tí kò mọ̀ mí rí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó gba omi lọ́wọ́ mi ni ó ti rí i."

Ìbítóyè, tí ó lè mọ òjé lára òkúta láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó títí ìwé fi yọ́ bọ́ lórí orúnkún rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Bàbá Sàláúdéènì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ kó ọkọ́ wọ̀nyẹn kúrò nílẹ̀," ni ó wí.

*

Fẹ́yìsetán gba ọ̀rọ̀ Mẹ̀dínátù sílẹ̀ ní àgọ́, Bàbá Sàláúdéènì sì dúró fún un kí ó lè máa ti ilé wá jẹ́ ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Fẹ́yìsetán gbé ìwé kan wá kí Mẹ̀dínátù fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ti fa ẹjọ́ Ìbítóyè sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn yóò padà wá bu erùpẹ̀ mìíràn lẹ́yìn òjò. Ti Mẹ̀dínátù ṣì wà nílẹ̀. Kò bá wọn nílé. Ó mọ ibi tí yóò lọ.

Etí kòtò ni Ìbítóyè wà lórí ìkúnlẹ̀, igbá ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ó ti ha gbogbo ojú ògiri tí ìbọn bà, ó sì ń fi omi yí erùpẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú igbá. Ohun tí ó fúyẹ́ ń bá omi lọ. Ohun tí ó wúwo ń kù sí ìdí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Mẹ̀dínátù jókòó tì í lórí gbòǹgbò, ìdérí agolo kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fàdákà sì ń dán nínú rẹ̀.

"Rọra," ni ó ń wí. "O ti fẹ́ dà á nù."

"Èmi ni o ń kọ́ bí a ṣe ń yí igbá?"

"Fàdákà ta ni?"

Ìbítóyè rọra.

Fẹ́yìsetán tẹjú mọ́ ìdérí náà. "Ṣé ó tó ẹ̀gbà méjì?"

"Bóyá ó lè tó ẹyọ kan," ni Ìbítóyè wí. "Alágbẹ̀dẹ ní kí n mú ìwọ̀n ọwọ́ wá." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó yọ òwú dúdú kan nínú àpò, ó sì yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí ìlà fẹ̀ẹ̀rẹ̀ náà.

"Ṣé ó ti tóbi ju ti àtijọ́ lọ?" ni Mẹ̀dínátù bi í.

"N kò mọ̀. Dúró kí n wò ó."

Ó sì wò ó.